Ọjọ́ Mẹ́rin fún Gbágùúdá

"Màmá, ilé ń yí lójú mi," Péjú wí. Ó di òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú, ó sì tún bì.

Ṣàngówùmí ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sáré gbá ìyàwó ọmọ rẹ̀ mú. Oyún oṣù méje rèé! Ohun tó ń bì kò ju òkèlè láfún àná lọ. Ṣàngówùmí wò ó nílẹ̀.

"Ṣé ibà ni, Màmá?"

"Kì í ṣe ibà, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ló ṣe é."

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún 1983 ni, tí ọ̀dá dá, tí iná jó oko láti Ìtòrí títí dé abúlé wọn. Ògúntìmẹ́hìn, ọkọ Péjú, ti wáṣẹ́ lọ sí Èkó. Gbágùúdá nìkan ló kù nílẹ̀, ọ̀dá sì ti sọ ọ́ di kíkorò bí jogbo. Irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ mẹ́rin nínú omi. Orin ni ìyá Ṣàngówùmí fi kọ́ ọ:

Ọjọ́ kìíní, omi mu ún,
Ọjọ́ kejì, oró ń bẹ,
Ọjọ́ kẹta, ó ń rọ̀ bọ̀,
Ọjọ́ kẹrin, ẹ wá jẹ.

Ṣùgbọ́n ebi ń pa ilé. Ó kó gbágùúdá jáde lọ́jọ́ kejì, ó sá a sórí àpáta fún láfún, ó gbé ìyókù orin mì. Òun tó máa ń kọrin bí ẹyẹ òwúrọ̀!

Fásanmí, ọkọ rẹ̀, fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé. Láfún yẹn ni òun náà ń jẹ; láti ọjọ́ mẹ́ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wúwo.

"Bàbá Ògúntìmẹ́hìn, ẹ bá mi sọ àgbàdo orí àjà kalẹ̀."

"Irúgbìn? Ṣé orí rẹ pé? Bí òjò bá rọ̀ lọ́la, ìka ọwọ́ wa la máa gbìn?"

"Bí aboyún yìí bá kú, ta ni yóò jẹ ohun tí ẹ gbìn?"

"Nílé yìí, a kì í se àgbàdo orí àjà. Ebi pa bàbá mi kú lábẹ́ rẹ̀, wọn ò nawọ́ sí i."

"Ẹ gbìn ín lẹ́yìn ikú wọn. Ṣé bàbá yín wá bá yín jẹ níbẹ̀?"

Fásanmí gbójú sókè wo àjà.

"Màmá, ẹ má torí mi jà," Péjú ní. "Màá rọra jẹ láfún tó kù, díẹ̀díẹ̀."

"O ò gbọdọ̀ fi kan ẹnu!"

Ṣàngówùmí kó gbogbo rẹ̀ lọ ẹ̀yìnkùlé, ó gbẹ́lẹ̀, ó bò ó kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́. Lọ́dún tí àgbà ń ṣa èkùrọ́ jẹ, ó ń sin oúnjẹ bí ẹni sin òkú.

Nígbà tó padà, àgbàdo ti wà nílẹ̀, ó dúdú fún èéfín. Fásanmí mú ọ̀kan, kò wo ojú rẹ̀.

"Hóró ibo la máa ń gbìn lára àgbàdo?"

"Ti àárín."

"Ti orí rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó kéré. Adìyẹ la máa ń dà á fún."

"Ti ìdí rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wọ́. Adìyẹ náà ni."

"Adìyẹ dà?"

"A ti jẹ wọ́n tán."

"Ó dáa. Tẹ́ ọwọ́ rẹ."

Wọ́n fi àtàǹpàkò yín orí àti ìdí gbogbo rẹ̀, wọn kò kan àárín. Igbá kékeré kan kò kún. Bí wọ́n bá ń fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, ó lè gbé ẹnu kan dé ọjọ́ mẹ́rin. Fásanmí so ìyókù padà sórí àjà.

Ṣàngówùmí gbé ti Péjú kaná. Lẹ́yìn náà, ó bẹ gbágùúdá tuntun sínú ìkòkò, ó da omi mímu tó kù lé e lórí. Fùfú ni yóò fi rò. Kò sí àyè pé à ń sá a sórí àpáta.

"Àwa ńkọ́?" Fásanmí bi í.

"Àwa? Àwa á máa gbọ́ orin."

Ó dé ìkòkò náà, ó jókòó tì í. Ó kọ ìlà kìíní nìkan; ìlà kejì di ọ̀la.