Ọwọ́ Tó Ń Ta Sánsán Efinrin

Èmi ni mo dá òfin náà sílẹ̀, n ò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ní bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn wa, kódà kó fi ohùn mi sọ̀rọ̀, kó fi ẹ̀rín mi rẹ́rìn-ín, kí Màmá má ṣílẹ̀kùn fún un àfi bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń ta sánsán efinrin.

Màmá mi ò ríran, ó ti tó ọdún mẹ́jọ báyìí. Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan wá sẹ́nu ọ̀nà wa lọ́sàn-án gangan, ó ṣe ohùn tín-ín-rín bíi tèmi, ó ní, "Màmá, èmi ni, ẹ ṣílẹ̀kùn." Màmá ṣí i. Obìnrin náà àti ọkùnrin méjì kó tẹlifíṣọ̀n, wọ́n kó rédíò, wọ́n kó aṣọ, wọ́n tún gbé ìkòkò ọbẹ̀ kúrò lórí iná tòun ti ọbẹ̀ inú rẹ̀. Ti ọbẹ̀ yẹn dùn mí ju ti tẹlifíṣọ̀n lọ, torí olè tó bá dúró gbé ọbẹ̀ gbígbóná ti gbà pé ilé bàbá òun lòun wà. Ọjọ́ mẹ́ta ni Màmá fi jókòó sí igun yàrá, wọn ò jẹun, wọn ò sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ni wọ́n tó la ẹnu.

"Ohùn ṣeé yá lò," ni wọ́n wí. "Àwọn ẹlòmíì, ojú lọ̀rọ̀ wọn wà. Tèmi, imú ni."

Ilé oúnjẹ kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Ewé efinrin ni mò ń já láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, òórùn rẹ̀ sì ti wọ̀ mí lára, òun ni Màmá fi ń mọ̀ mí. Nígbà tí mo kúrò níbẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá àwọn ìyàwó láṣọ funfun fún ọjọ́ ìgbéyàwó, mo gbin efinrin sínú ike ọ̀dà kan lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Láràárọ̀ ni mò ń run ewé rẹ̀ mọ́ òróró àgbọn, tí mò ń fi í pa ọrùn àti ọrùn-ọwọ́, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe ń fín lọ́fínńdà. Bàbá Káfíńtà tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa lu ihò kan tó ní ìdérí sára ilẹ̀kùn, ọwọ́ kan péré ló gbà. Wọ́n tún fi ọ̀pá irin dábùú ilẹ̀kùn náà láti inú. Bí mo bá dé, màá na ọwọ́ wọnú ihò, Màmá á gbóòórùn rẹ̀, wọn á yọ irin. Mo tiẹ̀ fi ṣàwàdà pé bí ọwọ́ náà bá mú òórùn míì wá, kí Màmá fi ọmọ odó gún un. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n lọ gbé ọmọ odó sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọmọge kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó dá aṣọ padà. Ó fi imú mọ́ apá aṣọ náà, ó ní, "Ẹ̀ẹ́, aṣọ yìí ń rùn bí ọbẹ̀!" Èmi ni mo bá a wọ aṣọ náà wò. Ọ̀gá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Funfun, wọ́ mi lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bí ẹni wọ́ ewúrẹ́, ó da ọṣẹ ìfọṣọ sí mi lọ́wọ́, ó dúró tì mí títí mo fi fọ ara mi bí ẹni fọ ìkòkò. Lẹ́yìn náà ló fín lọ́fínńdà sí mi láti ọrùn dé ọwọ́.

"Ṣé o fẹ́ wọṣọ fún ìyàwó ni àbí o fẹ́ sè é?" ló bi mí. "Máa lọ sílé. Bó o bá ń bọ̀ lọ́la, má gbé ọbẹ̀ wá."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, inú bí mi, mo bínú délé. Ike efinrin ni mo kọ́kọ́ kàn. Mo fa nǹkan náà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, mo jù ú sínú àgbá ìdọ̀tí. Àwọn àgbà ní ìbínú ò ṣe nǹkan fún ni. Wọ́n wí tiwọn, mi ò gbọ́. Mo gun òkè, mo kanlẹ̀kùn, ìdérí ṣí, mo na ọwọ́ wọlé láìronú.

Imú Màmá kan ọwọ́ mi. Wọ́n fa òórùn rẹ̀ símú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ni ọmọ odó bà mí níka.

Mo lọgun, mo fa ọwọ́ yọ. Ṣùgbọ́n kí ìdérí tó pa dé, òórùn kan ti fẹ́ jáde sí mi lójú. Òórùn gáàsì ni.

Màmá fẹ́ràn tíì ọ̀sán, mo sì ti kìlọ̀ títí pé kí wọ́n má fọwọ́ kan sítóòfù bí n ò bá sí nílé. Ó dájú pé wọ́n ti gbé kẹ́tùlù kaná, omi hó, ó dà lé iná, iná kú, gáàsì sì ń tú lọ.

"Màmá! Ẹ pa gáàsì! Èmi ni!"

"Ọmọ mi kọ́ nìyẹn," ni Màmá wí. "Ọmọ mi kì í fín nǹkan yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbóòórùn oògùn tí ẹ ń fẹ́ sínú ilé. Ẹ fẹ́ fi mú mi sùn."

"Gáàsì ni, Màmá! Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

"Ẹ mú mi lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní mú mi lẹ́ẹ̀kejì. Iná ni màá dá. Màá fi iná lé òórùn yín jáde."

Mo gbọ́ páálí ìṣáná tó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Mo fi ẹ̀ṣẹ́ lu ilẹ̀kùn. "Ẹ má ṣáná! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣáná!"

"Ẹ̀n-hẹ́n!" ni Màmá wí. "Ẹ̀rù iná ń bà yín."

Kò sí ohun tí mo lè wí tí kò ní dà bí ọ̀rọ̀ olè. Bí mo bá bẹ̀ wọ́n, olè ló ń bẹ̀. Bí mo bá sunkún, olè ló ń díbọ́n. Èmi fúnra mi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Bàbá Káfíńtà gbọ́ ariwo, wọ́n gun òkè wá pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń tú ìṣó. "Yà fún mi, àbúrò, jẹ́ kí n já a."

Mo dì mọ́ wọn lápá. "Irin sí irin, Bàbá, iná ló ń mú wá. Gáàsì ti kún inú ilé."

Wọ́n gbé irin náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Òógùn bò wọ́n. "Kí la wá fẹ́ ṣe?"

Mo ti ń sáré sọ̀ kalẹ̀.

Mo rọ́ orí sínú àgbá ìdọ̀tí. Bàbá Káfíńtà ti wá da èérún pákó lé efinrin mi lórí. Mò ń fọwọ́ wa á, mò ń sọ pé, "Jọ̀ọ́, jọ̀ọ́, jọ̀ọ́," efinrin ni mò ń bẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ mi kan gbòǹgbò, mo fà á jáde, mo já ewé rẹ̀. Mo fi èérún pákó ha ọwọ́ mi títí ó fi ń ta mí, kí lọ́fínńdà lè lọ. Mo run ewé láàárín àtẹ́lẹwọ́, mo pa á dé ìgúnpá. Ní gbogbo àsìkò yẹn, etí mi wà lókè. Mò ń retí kí òrùlé wa ṣí.

Nígbà tí mo padà dé ẹnu ilẹ̀kùn, nǹkan kan dún ṣáà nínú ilé. Ó dákẹ́. Ó tún dún ṣáà.

"Màmá, ọwọ́ rèé! Ọwọ́ mi rèé, ẹ gbóòórùn rẹ̀!"

Ó pẹ́ kí ìdérí tó ṣí. Mo na ọwọ́ wọlé. Mo mọ̀ pé ọmọ odó ṣì wà níbẹ̀. Kí wọ́n fọ́ gbogbo ìka tó kù bó bá wù wọ́n, kí wọ́n ṣáà má ṣáná. Imú wọn tutù lára mi. Wọ́n gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́, wọ́n gbóòórùn ọrùn-ọwọ́, wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

"Efinrin ni," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n nǹkan yẹn ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Olè náà lè já ewé."

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Mo fẹ́ ṣàlàyé ti Ìyá Funfun, ti aṣọ, ti àgbá ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ló jáde lẹ́nu mi.

"Màmá, ẹ̀rù ń bà mí."

Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nínú ọwọ́ wọn, ọwọ́ tiwọn náà ń gbọ̀n.

"Àwọn tó wá lọ́jọ́ yẹn ń rẹ́rìn-ín ni," ni Màmá wí. "Obìnrin yẹn dì mí lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n rárá."

Mo gbọ́ tí irin yọ.

Mo sáré kọjá lára wọn, mo pa gáàsì, mo ṣí gbogbo fèrèsé. Bàbá Káfíńtà gbé Màmá pọ̀n sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí atẹ́gùn wà. Ó tó wákàtí méjì ká tó lè padà wọlé.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti rí wọn nígbà tí mò ń gbálẹ̀: igi ìṣáná mẹ́rin, orí gbogbo wọn ti họ, kò sí èyí tó ràn. Páálí wọn wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ odó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ṣáná sí rin gbingbin. Ẹ̀bá sítóòfù ni páálí náà máa ń wà, omi kẹ́tùlù tó pa iná ló dà sí i lára. Mo gbá wọn jọ kíákíá.

"Kí lò ń gbá?" ni Màmá bi mí láti orí àga.

"Ìdọ̀tí ni, Màmá."

Wọ́n gbé imú sókè díẹ̀, wọ́n fa afẹ́fẹ́ símú. Orí wọn wá tẹ̀ba.

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣá a," ni wọ́n wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹrin."

Mo sọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo lọ jókòó síbi ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n wá ọwọ́ mi tó wú kàn, wọ́n gbé e sí imú wọn, wọ́n sì dì í mú síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.