Etí Bàbá Páìpù

Eyín ni Bàbá Páìpù fi tú kókó náà nígbẹ̀yìn, nítorí ẹni tó so aṣọ pupa yẹn mọ́ igi so ó bí ẹni ń so ewúrẹ́ olè. Ó fa igi náà yọ, ó jù ú sínú gọ́tà, ó fi bàtà tẹ ojú ihò rẹ̀ pa, ó sì ki aṣọ náà bọ àpò. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni, kò sẹ́ni tó rí i.

Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Òun ni olórí àwọn tó ń tún páìpù omi ṣe, ohun tó sì sọ ọ́ di ẹni ńlá níbẹ̀ ni etí rẹ̀. Bí páìpù bá ń jò lábẹ́ ilẹ̀, yóò ki ọ̀pá irin bọ ilẹ̀, yóò gbé etí lé e, yóò di ojú, lẹ́yìn náà ni yóò nàka: "Ẹ gbẹ́ ibí." Nígbà mìíràn, wọ́n á bá omi níbẹ̀. Nígbà mìíràn, wọ́n á gbẹ́ ojú títì káàkiri bí òkété, yóò sì ní ariwo mọ́tò ni kò jẹ́ kí òun gbọ́ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ariwo mọ́tò yìí gan-an ni ìyàwó rẹ̀ fi dá ọgbọ́n. Ìdí tábìlì tí ará ìlú ti ń fẹjọ́ omi sùn ló máa ń jókòó, Ìyá Ẹ̀sùn ni wọ́n ń pè é. Ó ní, ta ló lè gbọ́ ìró omi lábẹ́ ilẹ̀ ju ẹni tó ń gbé àdúgbò, tó jí ní ìdájí nígbà tí gbogbo nǹkan pa rọ́rọ́? Kí wọ́n pín aṣọ pupa fún ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, kó ri igi mọ́ ojú ibẹ̀, kó so aṣọ mọ́ ọn, kó sì ránṣẹ́ pe àwọn. Bàbá Páìpù rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. Ọ̀gá àgbà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀ wá fojú ara òun rí i, bó bá sì ṣiṣẹ́, Ìyá Ẹ̀sùn ni yóò máa pàṣẹ ibi tí wọn yóò gbẹ́.

Ìyẹn ni pé ìyàwó Bàbá Páìpù ni yóò di ọ̀gá Bàbá Páìpù.

"Ẹ kú oríire o," ni gbogbo ọ́fíìsì ń kí i. "Ohun tó bá ojú, ó ti bá imú."

Ó ń dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ń bi ara rẹ̀ léèrè. Ta ló ń wo imú níbi tí ojú bá wà? Bó bá délé tó bá ìyàwó rẹ̀ lórí ibùsùn, tó ń gé aṣọ pupa, tó ń kọrin lábẹ́lẹ̀, oúnjẹ á korò lẹ́nu rẹ̀. Ìlara ni, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ì bá sàn ká ní ọkùnrin kan ló ń bá a du ìyàwó. Ènìyàn ṣeé bá jà. Àkísà ni òun ń jowú rẹ̀.

Ní ìdájí òní ni aránṣọ kan pe Ìyá Ẹ̀sùn lórí fóònù pé omi ń jò ládùúgbò àwọn, ọkọ òun sì ti jáde lọ so aṣọ. Obìnrin náà fò sókè bí ọmọdé. "Olówó orí mi, wọ́n ti so ó ládùúgbò aránṣọ o!" Ó wọ ilé ìwẹ̀. Kó tó jáde, ọkọ rẹ̀ ti lọ.

Nígbà tí ọ̀gá àgbà fi máa sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, àdúgbò ti kún. Káfíńtà kan ti tan ẹ̀rọ tó fi ń la pákó, igbe rẹ̀ gba gbogbo òpópónà. Ìyá Ẹ̀sùn ṣáájú, ó wọ aṣọ tó fi ń lọ sóde. Wọ́n rìn lọ, wọ́n rìn bọ̀. Wọn kò rí aṣọ pupa kankan.

"Ìṣojú mi ni ọkọ mi ṣe mú un jáde," ni aránṣọ wí. "Àtibẹ̀ ló ti gba ibi iṣẹ́ lọ, n ò mọ ibi tó so ó sí. Ẹ jọ̀ọ́, omi ti ń wọ yàrá mi!"

"Ó ní láti wà níhìn-ín, sà," ni Ìyá Ẹ̀sùn ń sọ.

"Àbí ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́ ni?" ni ọ̀gá àgbà bi í.

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ pa òwe tó máa ń parí sí àpò ṣòkòtò, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Bàbá Páìpù sáré lọ sí àpò, ó tún sáré padà.

"Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú," ló wí.

Ó mú ọ̀pá irin rẹ̀, ó lọ tààrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri aránṣọ. Ó ki í bọ ilẹ̀, ó gbé etí lé e, ó di ojú. "Ẹ gbẹ́ ibí."

Wọ́n gbẹ́. Kò pẹ́ tí omi fi tú jáde, tó fọ́n sí wọn lójú. Àwọn òṣìṣẹ́ hó yèè. "Etí yín kì í ṣe etí lásán, ọ̀gá!" Aránṣọ kúnlẹ̀, ó ń ṣàdúrà fún un. Ọ̀gá àgbà gbá a léjìká.

"Ìrírí nìyí! Kí la tún fẹ́ fi àkísà ṣe?" Ó ní kí Ìyá Ẹ̀sùn má bínú, kó padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó sì wọ mọ́tò lọ.

Inú kòtò ni Bàbá Páìpù wà, omi dé orúnkún rẹ̀, nígbà tó rí ìyàwó rẹ̀ tó dúró létí ibẹ̀. Ètè rẹ̀ mì. Ó ń sọ nǹkan.

"Kí lo wí?" ni Bàbá Páìpù pariwo. Ẹ̀rọ káfíńtà kò jẹ́ kó gbọ́.

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀ gan-an. "Mo ní, nínú ariwo yìí, kí lẹ gbọ́?"

Kò bínú. Ó kàn ń dúró de èsì, bó ṣe máa ń dúró de àjèjì tó bá wá fẹjọ́ sùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń kókìkí etí Bàbá Páìpù lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá yé e, níbi tó dúró sí nínú omi, pé òun ì bá fi gbogbo ìyìn wọn ṣe pàṣípààrọ̀ fún ẹyọ ìyìn kan ṣoṣo lẹ́nu ẹni yìí, ẹni yìí nìkan ni kò sì lè yìn ín mọ́.