Ìràwọ̀ Búlúù àti Ẹnìkejì Rẹ̀

Ká sọ tòótọ́, ìyá ló yẹ kó rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ló rẹ̀, ó sì rẹ̀ ẹ́ wọnú eegun.

Onímọ̀ ìràwọ̀ ni ọmọ náà. Kì í ṣe pé ó ń gbójú sókè bí ẹni tó ń retí òjò o. Iwájú kọ̀ǹpútà ló ń jókòó sí látàárọ̀, tó ń to àwọn àwòrán tí awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ lórí òkè fi ń ránṣẹ́. Kó tó débi iṣẹ́, ó ti fọ aṣọ ìyá rẹ̀, ó ti lọ ọ́, ó ti se oúnjẹ àárọ̀, ó ti se tọ̀sán. Ìyá ńkọ́? Ìyá ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn yí àdúgbò ká, ìdí ń mì, ẹ̀rín rẹ̀ ń jí ẹni tó ṣì ń sùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí wọ́n jọ lọ síbi ìtọ́jú ojú, akọ̀wé ẹnu ọ̀nà wo ìyá, ó wo ọmọ, ó wá bi ìyá léèrè pé, "Ṣé màmá yìí lẹ mú wá fún àyẹ̀wò?"

Ìyá rẹ́rìn-ín títí aṣọ ìdí rẹ̀ fi fẹ́ já. "Màmá kẹ̀? Ikùn yìí ni mo fi bí i!" Ó sì gbá ikùn náà pàá. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò kọjá ètè.

Lọ́jọ́ Ẹtì yìí, ọ̀gá ọmọ níbi iṣẹ́ ní dandan kó fèsì kí wọ́n tó ṣíwọ́: ṣé yóò lọ lo oṣù mẹ́ta lórí òkè níbi tí awò ńlá wà, àbí kí wọ́n fún ẹlòmíràn? Ó ti ń retí àǹfààní yìí látìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fọṣọ nílé? Ta ni yóò dáná? Ó ti ń tẹ "rárá" nígbà tí ìyá já wọ ọ́fíìsì rẹ̀.

"Mo pè ọ́ pè ọ́, o ò gbé fóònù. Aṣọ pupa mi dà?"

"Ó wà lórí okùn, Màmá."

"Ta ni kó wá lọ ká a?"

Ọmọ mí kanlẹ̀. Ojú ìyá ti bọ́ sára kọ̀ǹpútà. "Kí lèyí? Ṣé èkúté ló yàgbẹ́ síbí ni?"

"Ìràwọ̀ ni, Màmá. Agbo kan ni wọ́n. Ìgbà kan náà ni wọ́n bí gbogbo wọn. Àwọn tó tóbi jù, tó gbóná, tó ní àwọ̀ búlúù, àwọn ló ń tètè jó tán. Tí agbo bá ti darúgbó báyìí, ó yẹ kó ku kìkì àwọn kéékèèké tó ti pọ́n."

"Eléyìí wá ńkọ́, tó ń dán búlúù láàárín àwọn arúgbó?"

"Òun ló ń dà wá láàmú. A kọ́kọ́ rò pé àlejò ni, tó kàn ń kọjá lọ. Ṣùgbọ́n a wo ìrìn rẹ̀, ó ń bá agbo rìn. Ọmọ ilé ni."

"Kí ló wá ń jẹ?"

Ọmọ yán. "Nígbà mìíràn, ìràwọ̀ méjì á kọlu ara wọn, wọ́n á di ẹyọ kan tó gbóná bíi tuntun. Ti eléyìí yàtọ̀. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ń yí ara wọn po. Nígbà tí ẹnìkejì dàgbà, tó wú, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wá sọ́dọ̀ eléyìí. Eléyìí ń fà á mu, ó ń sanra, ó ń gbóná, ó padà di ọ̀dọ́."

"Ẹni tó fà mu ńkọ́?"

"Ó kù bí ẹyín iná funfun kékeré. Ó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ eléyìí ni kì í jẹ́ ká rí i."

Ìyá fa àga kan, ó jókòó. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Ó wo ìràwọ̀, ó wo ewú orí ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, èmi lò ń bú?"

"Háà, Màmá! Iṣẹ́ mi ni mò ń ṣàlàyé!" Òótọ́ ló sọ, ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ẹni tó ń pòwe. Àmọ́ bó ti wí i tán ni omi lé sí i lójú.

"Kí lò ń kọ nígbà tí mo dé?"

"Pé n ò ní lè lọ sórí òkè."

"Nítorí aṣọ pupa?"

Ọmọ nu ojú rẹ̀. Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì já sí i lẹ́nu. "Mo ṣe bí ẹ̀jẹ̀ mi ló dáa! Mo ń fi yangàn kiri àdúgbò. Àṣé ọmọ tí mo bí ni mò ń mu bí ẹní mu ẹ̀kọ! Pa á rẹ́. Kọ òmíràn."

"Màmá, ẹ ò mọ aṣọ lọ."

"Ta ló ń lọ ọ́ kí n tó bí ọ?"

"Bàbá ni."

"Kí ilẹ̀ ó dẹ̀ fún un," ni ìyá wí jẹ́ẹ́. "Kọ òmíràn ṣáá."

Lọ́jọ́ ìrìn-àjò, ìyá fúnra rẹ̀ ló lọ aṣọ tí ọmọ máa wọ̀. Ojú ibi tí áyọ́ọ̀nù jó hàn gedegbe lẹ́yìn aṣọ náà, ó pọ́n bí ẹran yíyan. "Tí o bá ti fẹ̀yìn ti àga, ta ni yóò rí i?" ni ìyá wí.

Agbára àtijiyàn ò sí. Ọmọ wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó fẹ̀yìn tì. Kí bọ́ọ̀sì tó ṣí, oorun ti gbé e lọ. Ìyá dúró sísàlẹ̀, ó ń ju ọwọ́ sí ẹni tí kò rí i, ìka rẹ̀ tí áyọ́ọ̀nù jó wà lẹ́nu. Obìnrin kan tó ń kọjá ní, "Ẹ rọra o, Màmá àgbà."

Ìyá bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ló ń kí. Kò sí ẹlòmíràn.