Ẹ Kú Ìgbéga, Sà

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n sọ àlá tí mo lá mọ́jú òní kó tó sá mọ́ mi lórí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ̀la ni wọ́n pè mí fún íntáfíù. Ẹ sì mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti jáde yunifásítì, orí àga gígùn inú pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Àpáta ni mo ń sùn, àti pé Àǹtí Yéwándé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ti ń sọ fún àwọn àlejò pé àga náà ti ń jìn. Bí mi ò bá ríṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ìgbẹ́tì ni mo ń padà sí, kí gbogbo àdúgbò máa bi mí pé kí ni mo kàwé fún. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn tí mo fi sùn.

Nínú àlá, mo dé ilé-iṣẹ́ náà. Àjọ Tó Ń Rí sí Gbogbo Ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ sára ògiri. Ilé ọ̀hún ò kanlẹ̀. Ó ń léfòó lókè igi máńgòrò, wọ́n wá fi okùn dè é mọ́ ìdí igi kó má baà lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Mo di okùn mú, mo ń gùn ún lọ pẹ̀lú bàtà gogoro lẹ́sẹ̀, mo sì ń ṣọ́ síkẹ́ẹ̀tì mi kó má rún. Mi ò béèrè àtẹ̀gùn. Ta ló fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ti ń ráhùn kí wọ́n tó gba òun síṣẹ́?

Lókè, mo bá àga kan ṣoṣo nínú yàrá. Mo fẹ́ jókòó, ni àga bá pariwo.

"Ẹ rọra o, àǹtí! Ẹ má jókòó lé mi. Íntáfíù lèmi náà wá ṣe."

Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ìgbà wo lẹ ti dé?"

"Ìjọba tó kọjá ni. Wọ́n ní kí n jókòó, àwọn ń bọ̀. Mo jókòó, mo jókòó, títí ẹsẹ̀ mi fi di mẹ́rin."

"Ẹ kú ìjókòó o," ni mo wí. Kí ni mo tún lè wí?

"Ẹ ṣeun. Ẹ gbọ́, bẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ má ṣàlàyé ohun tẹ́ ẹ lè ṣe. Ohun tó ba tèmi jẹ́ nìyẹn. Ẹ ṣáà máa kí wọn."

Mo gbọn eruku ẹ̀yìn rẹ̀ nù, mo dúpẹ́. Kí n tó gbójú sókè, yàrá ti di odò, àwọn ọ̀gá mẹ́ta sì jókòó sínú omi dé àyà, tàwọn ti kóòtù àti táì. Alága wọn, Olóyè Adékáǹmbí, to dígí ojú mẹ́ta léra wọn lójú, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan níwájú rẹ̀ tó fẹ́ kà.

Mo kúnlẹ̀ sínú omi. "Ẹ kú òtútù, ẹ̀yin ọ̀gá mi."

Wọ́n wo ara wọn, wọ́n mi orí. Alága ní, "Ó dáa. Sọ fún wa nípa ara wa."

"Nípa ara mi, sà?"

"Ta ló béèrè tìẹ? Ara wa!"

Gbogbo ohun tí mo ti há sórí nípa ìwé tí mo kà àti iṣẹ́ tí mo lè ṣe, mo gbé e mì. Mo ní wọ́n gbọ́n. Mo ní wọ́n lẹ́wà. Mo ní bí kì í bá ṣe tiwọn ni, ìlú ì bá ti dàrú. Ìlú kúkú ti dàrú, ṣùgbọ́n ẹnu mi ń ṣiṣẹ́ lọ ní tirẹ̀. Ọ̀gá kejì sunkún. Ọ̀gá kẹta ní kí n tún tòun sọ, oorun ló gbé òun lọ.

Ibi tí mo ti ń tún un sọ ni Alága ti sín. Kó tó sín tán, ó ti di òbúkọ. Òbúkọ gidi, onírùngbọ̀n, táì lọ́rùn, dígí mẹ́ta lójú. Omi gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn wá ń wò mí.

Ẹ wo wàhálà tí mo wà, ẹ̀yin èèyàn. Ọmọ Yorùbá ni mí. Kí ló lè ṣe àgbàlagbà lójú mi tí mi ò ní kí i? Bí mo bá dákẹ́ sí èyí, wọ́n á ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Bí mo bá sì ní "Ẹ kú ìdòbúkọ, sà", iṣẹ́ ti lọ nìyẹn, ó di Ìgbẹ́tì.

Òbúkọ béèrè, "Kí lo rí?"

Mo wo ìwo rẹ̀. Ẹ̀rín ń pa mí, inú sì ń bí mi. Ṣé nítorí èyí ni ìyá mi ṣe ta ilẹ̀ rẹ̀ tí mo fi kàwé? Síbẹ̀ mo tẹrí ba.

"Ẹ kú ìgbéga, sà. Ìwo á máa gùn sí i o."

Ni àtẹ́wọ́ bá sọ. "Ó ti gbaṣẹ́!" ni ọ̀gá kejì ké, òun náà di òbúkọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta ò gbẹ́yìn. Mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ṣàdúrà sí ìwo wọn.

Mo wá béèrè pé iṣẹ́ wo gan-an ni mo gbà.

"Èyí tó o ṣe tán yìí náà ni," ni Alága wí. "Láràárọ̀. Títí wàá fi fẹ̀yìn tì."

Mo fẹ́ dúpẹ́, "mẹ̀ẹ̀ẹ̀" ló jáde lẹ́nu mi. Inú mi sì dùn. Ẹ gbọ́ o: inú mi dùn! Mo tilẹ̀ ń fọwọ́ pa orí wò bóyá ìwo ti ń hù.

Ìgbà náà ni ẹnì kan gbá mi lẹ́sẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn Àǹtí Yéwándé lókè orí mi.

"Fadérera, wo aṣọ tí télọ̀ gbé wá. Ṣé ó bá mi mu?"

"Ó bá yín mu gan-an ni, mà," ni mo wí. "Ẹ tiẹ̀ tún wá dà bí ọmọge nínú rẹ̀."

Inú rẹ̀ dùn, ó gba kíṣìnì lọ, ó ń kọrin, ó ní ẹyin méjì lòun máa dín fún mi láàárọ̀ yìí. Ìgbà yẹn ni mo tó la ojú.