Ìgèrè Tí Kò Ní Ọ̀fun

Wọ́n ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Oyinkọ́lá ò wo ẹnu àáké o. Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi ń wọ bọ́ọ̀sì kékeré láti Ajah lọ sí Lakowe, kámẹ́rà lọ́rùn, irin tó ń gbé kámẹ́rà dúró ń gún un níhà, nítorí ìyá arúgbó kan, Màmá Fúnláyọ̀, tó ń hun ìgèrè. Ìgèrè ni agbọ̀n gígùn tí àwọn apẹja máa ń dẹ sínú ọ̀sà. Bàbá tó bí Màmá Fúnláyọ̀ kò ní ọmọkùnrin, ló bá kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ níṣẹ́ náà. Lónìí, Màmá nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n hun ní gbogbo etí omi yẹn.

Oyinkọ́lá ti ya bí wọ́n ṣe ń la ọparun, bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́ sómi, bí wọ́n ṣe ń fi ìko dì í. Ohun kan ló kù, òun gan-an sì ni ẹ̀mí iṣẹ́ náà: ọ̀fun ìgèrè, ẹnu kékeré inú lọ́hùn-ún tí ẹja máa gbà wọlé tí kò ní rí ibi gbà jáde. Màmá kì í hun ọ̀fun lásán. Ó di ìgbà tí omi bá kún, ẹni tó máa dẹ ìgèrè náà sì gbọ́dọ̀ jókòó tì wọ́n, kí wọ́n fi ìkúùkù rẹ̀ wọn ọ̀fun náà, kí ọwọ́ rẹ̀ lè wọ ibẹ̀ kó ẹja.

"Tí omi bá kún, tí Tájù apẹja bá wá gba tiẹ̀, wàá yà á," ni Màmá sọ fún un. "Má kánjú."

Oyinkọ́lá kò kánjú. Ayé ló ń kánjú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe fídíò nípa ọparun nìkan. Igba ènìyàn ó lé mẹ́rin ló wò ó, Bíọ́dún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà nínú wọn lẹ́ẹ̀mẹfà. Bẹ́ẹ̀, Àníọlá tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé girama kàn máa ń dúró síwájú ilé oúnjẹ kan ní Lẹ́kkí ni, á yí ojú sọ́tùn-ún, á yí i sósì, ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn á ti wò ó kí ọbẹ̀ tó tutù. Ó máa ń bí Oyinkọ́lá nínú gidigidi, kò sì parọ́ fún ara rẹ̀ pé kò bí òun.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe ara rẹ̀: ó pe Àníọlá wá sí Lakowe. Ó rò pé bí ọ̀rẹ́ òun bá dárúkọ òun lẹ́ẹ̀kan péré, èrò á ti pé sídìí iṣẹ́ náà kí ọjọ́ ọ̀fun tó dé.

Àníọlá dé nínú mọ́tò dúdú, kò sì lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ó gbé ìgèrè kan tí Màmá ò tíì hun parí, ó dorí rẹ̀ kodò, ó tan iná fóònù sínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì gba àárín ọparun jáde sára ògiri.

"Ẹ wo nǹkan tí mo discover ní Lakowe!" ló ń kígbe. "Lampshade àwọn baba ńlá wa!"

Oyinkọ́lá ló di kámẹ́rà mú fún un. Kó tó lanu, wọ́n ti yà á tán, mọ́tò dúdú ti ń wá ọ̀nà títì márosẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí fídíò náà jáde, Oyinkọ́lá pè é. "Àníọlá, discover kẹ̀? Oṣù mẹ́rin ni mo ti wà níbẹ̀! Ìgèrè ni wọ́n ń pè é, ẹja ni wọ́n fi ń pa. Orúkọ mi dà?"

"Babe, calm down. Content creator ni ẹ́, influencer ni mí. Ìwọ lò ń ṣe nǹkan, èmi ni mò ń jẹ́ kí àwọn èèyàn fẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ni méjèèjì now."

"Kí wọ́n fẹ́ kí ni? O dorí ẹ̀ kodò!"

"Ó fine bẹ́ẹ̀. Abeg, who dey find fish trap for Lekki?"

Oyinkọ́lá gé fóònù mọ́ ọn létí. Kò tíì jókòó tán tó rí ohun tí ẹnì kan kọ sábẹ́ fídíò tiẹ̀: "Olè. Àníọlá lo ń kọ́pì." Ẹni tí kò mọ ìgèrè yàtọ̀ sí àgò adìyẹ! Ó sunkún ìbínú, ó nujú. Ọ̀fun ṣì kù. Kò sí ẹni tó lè fi iná fóònù ṣe ìyẹn.

Omi kún lóṣù Òkúdù. Nígbà tí Oyinkọ́lá dé ẹ̀yìnkùlé Màmá, ìgèrè kún ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, inú rẹ̀ sì dùn. Ó yọjú wo inú ọ̀kan. Ó wo òmíràn. Òfìfo.

"Màmá, ẹ ò tíì hun ọ̀fun wọn?"

"Ọ̀fun kẹ̀? Iná ni àwọn tó ń rà á fẹ́ fi sí i. Ṣé iná máa ń sá jáde bí ẹja ni?" Màmá rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rẹ́ ẹ yẹn ló ń rán wọn sí mi. Ogójì ni ti ọ̀sẹ̀ yìí."

"Tájù ńkọ́?"

"Tájù ti ta ọkọ̀ ẹ̀. Ó ń ṣọ́ géètì iléeṣẹ́ kan ní Free Zone."

Oyinkọ́lá kúnlẹ̀, ó na ìkúùkù rẹ̀. "Ẹ fi tèmi wọ̀n ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹyọ kan péré, kí n yà á."

Màmá di ọwọ́ náà mú, wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n sì rọra dá a padà sórí itan rẹ̀.

"Ibo lo máa dẹ ẹ́ sí? Oríta Abraham Adésànyà ní Ajah? Bàbá mi ò hun ọ̀fun tí kò ní wọ omi rí. Mi ò ní hun ún fún kámẹ́rà."

Inú bí Oyinkọ́lá, kò sì rí ẹni tó máa bínú sí. Òrùlé tuntun ń dán lórí ilé Màmá. Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Ìwọ lo mú un wá. Mi ò jẹ́ gbàgbé. Bí o ṣe ṣe mí lóore yìí, Ọlọ́run á ṣe ìwọ náà lóore."

"Àmín, Màmá," ni Oyinkọ́lá wí.