Mo Ná Ilé Títí Yàrá Fi Ń Kó Jáde

Mo lá àlá kan lóru àná, ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ sì jẹ́ kí n rò ó fún yín kí n tó lọ wọṣọ, nítorí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ yìí ni gbàǹjo. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ẹ̀wà tí mo jẹ ló fà á. Gbogbo yín lẹ mọ bí mo ti múra tó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń sáré kiri lórí ilé oníyàrá mẹ́fà tí báńkì fẹ́ lù ní gbàǹjo ní Láfẹ́nwá. Mo ti wo òrùlé rẹ̀, mo ti ju okùn sínú kànga rẹ̀, lọ́yà ti yẹ ìwé ilẹ̀ rẹ̀ wò, mo sì ti kọ iye tí agbára mi gbé sínú ìwé pélébé kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni onílé ti lé mi jáde láyé mi, tèmi ti maṣín-ìn ìránṣọ mi lórí. Mo ti búra pé kò ní sí ẹ̀karùn-ún. Ohun kan ṣoṣo tí n kò rántí múra sílẹ̀ ni ẹnu mi, n kò sì mọ̀ títí oorun fi gbé mi lọ.

Nínú àlá náà, ọ́fíìsì gbàǹjo léfòó sórí odò Ògùn. Wọ́n fi okùn tí a ń sá aṣọ sí so ó mọ́ igi máńgòrò kan kó má baà ṣàn lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí mo kàn béèrè ni bóyá kí n bọ́ bàtà. Akọ̀wé tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ní kí n máa wọ̀ ọ́ bọ̀, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ mú lẹ́tà ọkọ mi wá.

"Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí ọkọ mi ti kú," ni mo wí.

"Ṣé kò lè kọ ọ́ níbi tó wà ni?"

"Ẹ lọ bi í léèrè. Èmi, ilé ni mo wá rà."

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ìwo yọ lórí akọ̀wé, ó di òbúkọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fọ́ọ̀mù mi láti igun kan. Mo dúró jẹ́ẹ́ kó jẹ ẹ́ tán. Mo bi í bóyá ó dùn. Ó ní iyọ̀ rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó, ó wá fi pátákò tẹ òǹtẹ̀ sí mi ní àtẹ́lẹwọ́, ó ní kí n máa wọlé. Ká sọ òótọ́, nínú gbogbo òṣìṣẹ́ tí mo ti bá pàdé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí, òbúkọ yẹn ló tètè dá mi lóhùn jù.

Mo ṣí ilẹ̀kùn, inú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ni mo bọ́ sí. Àwọn tó wá ra ilé ti jókòó sórí ìdì aṣọ àwọn oníbàárà mi. Ilé náà fúnra rẹ̀ jókòó níwájú, ó ká ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ mọ́ra bí obìnrin tó ká ìró rẹ̀ kó má baà gba ọ̀nà. Mo kí i. Ó ní, "Ẹ kú ìgbìyànjú, Ìyá Mosún." Ilé tó mọ orúkọ mi! Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Bàbá Ṣóyọyè náà wà níbẹ̀, bàbá onílé wa yìí, ẹni tó ń ka iye garawa omi tí a ń fà lójúmọ́. Orí àga tí mo fi ń ránṣọ ló jókòó sí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ọ̀gbẹ́ni Ajíbọ́dù, ẹni tó máa lu gbàǹjo náà, gbé òòlù igi rẹ̀ sókè. Òòlù wúkọ́, ó ní òtútù ń mú òun, wọ́n bá fi àjákù aṣọ wé e lórí. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbọ́dù wá ké pé, "Mílíọ̀nù mẹ́jọ la fi ń bẹ̀rẹ̀!"

Ọdún márùndínlógójì ni mo ti fi ń ná aṣọ, òwú àti bọ́tìnnì. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ẹnu mi ti wí pé, "Háà! Ẹ gbà á ní mẹ́ta."

Ilé ìdáná ilé náà dìde, ó gbé sítóòfù rẹ̀ karí. "Kò sẹ́ni tó ná mi báyìí rí," ló wí, ó sì kó jáde.

"Màmá," ni Ọ̀gbẹ́ni Ajíbọ́dù wí, "níbí yìí, òkè là ń lọ. A kì í sọ̀kalẹ̀."

"Mo ti gbọ́, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ mẹ́rin. Ẹ sáà wo òrùlé rẹ̀, ó ń jò."

Yàrá méjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fi okùn di bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n lọ.

Inú wá ń bí mi. Mo ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe tí ọlọ́jà bá ń ṣe agídí: mo gbé báàgì mi kọ́ apá, mo yí padà, mo ń rọra lọ. Ẹ mọ ìrìn náà. Ìrìn tí ẹsẹ̀ ń lọ níwájú tí etí wà lẹ́yìn, téèyàn ń retí kí wọ́n pe òun pé, "Ẹ wá mú un, kí ẹ má ra ọjà mi tì." Mo rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Mo rin ogún. Kò sẹ́ni tó pè mí. Àwọn yàrá tó kù ló ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀kan ru fèrèsé rẹ̀, ọ̀kan ń wọ́ kọ́tìnnì nílẹ̀. Kànga gan-an ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ó ń ta omi sílẹ̀. Pálọ̀ nìkan ló dúró kí mi.

"A ti ń kó jáde o," ló wí. "Ẹ̀yin náà kúkú mọ bó ṣe rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Mo mọ bó ṣe rí. Mo mọ bí òjò ṣe ń pa ẹní lójú títì, mo mọ bó ṣe rí kí ọmọ ẹni máa béèrè pé níbo la máa sùn. Mo di pálọ̀ mú ní ilẹ̀kùn. "O ò lọ síbì kan," ni mo wí. "Kíkó jáde yìí ti sú mi. Ó tó gẹ́ẹ́!" Mo wọ́ ọ padà síwájú Ọ̀gbẹ́ni Ajíbọ́dù.

Bàbá Ṣóyọyè ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá Mosún, ayálégbé mà ni ọ́. Jẹ́ kí àwọn onílé máa ra ilé. Mo san mẹ́jọ àbọ̀."

"Bàbá, ẹ máa ka garawa yín. Mẹ́sàn-án!"

Ẹ gbà mí gbọ́, ìrọbí Mosúnmọ́lá kò nira tó bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe nira láti jáde lẹ́nu mi. Ilé ìdáná yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Mẹ́sàn-án àbọ̀," ni bàbá wí.

"Mẹ́wàá! Ẹ pe kànga yẹn padà fún mi!"

Àwọn yàrá ń sáré bọ̀, wọ́n ń forí gbárí. Ilé ìdáná lọ jókòó síbi tí balùwẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, mo ní kó máa sinmi níbẹ̀ ná, a ó yanjú ẹ̀ tó bá yá. Yàrá keje kan tí n kò rí rí bá wọn wọlé, ó ní ohùn mi ló wu òun. Bàbá Ṣóyọyè la ẹnu láti fi owó lé e, garawa ló jáde.

"Ẹ̀ẹ̀kan!" ni Ọ̀gbẹ́ni Ajíbọ́dù ké. "Ẹ̀ẹ̀kejì!"

Òòlù ní kí wọ́n dúró, òun fẹ́ sín. Gbogbo wa dúró dè é. Ibi tó ti ń mí èémí sínú ni mo jí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ń gbọ́ ohùn Ìbíyẹmí, àbúrò mi tó wá sùn lọ́dọ̀ mi nítorí òní, lábẹ́ fèrèsé, òun àti obìnrin kan tó ń ta ìgbálẹ̀. Obìnrin náà ní ẹgbẹ̀rin náírà. Ìbíyẹmí ní irínwó. Obìnrin náà ní kó san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Mo wo ìta, mo rí i pé Ìbíyẹmí ti yí padà, ó ń rọra lọ. Ara mi ò gbà á. Mo yọ orí jáde pẹ̀lú aṣọ oorun lọ́rùn.

"Ẹgbẹ̀rún kan!"

Obìnrin náà wòkè. Ìbíyẹmí ní, "Àǹtí mi, ṣé ẹ ti jí ṣá? Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ló pè é o."

"Ẹgbẹ̀fà!"

Bàbá Ṣóyọyè wà lẹ́bàá kànga, pákò lẹ́nu. Mo tẹjú mọ́ ọn láti mọ̀ bóyá ó fẹ́ fi nǹkan lé e. Ó yọ pákò, ó wò mí títí, ó dá pákò padà sẹ́nu.

Èmi ni mo ra ìgbálẹ̀ náà, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Ìbíyẹmí ṣì ń bínú sí mi, ó ní mo fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ṣòfò. Kó máa bínú. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ sí Láfẹ́nwá kó dìde, kó lọ wọ bàtà.