Ewé Tó Lẹ̀ Mọ́ Gíláàsì

Ẹni tó bá rí awakọ̀ bọ́ọ̀sì iléèwé náà lọ́sàn-án Sátidé yẹn, bó ṣe fi ìdí kan jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò, á rò pé ibà ló ń ṣe é. Kì í ṣe ibà o. Ojú rẹ̀ ló ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á kí ẹnikẹ́ni má lọ mọ̀.

Àwọn mẹ́rin ni wọ́n ń ya fọ́tò pọ̀: onífọ́tò tó ni ṣọ́ọ̀bù, nọ́ọ̀sì kan tí ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan, aránṣọ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Tín-ín-tín nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, àti awakọ̀ yìí, tó jẹ́ àgbà wọn. Ẹnìkan á mú àkòrí wá, oníkálukú á lọ ya fọ́tò kan lé e lórí, onífọ́tò á tẹ gbogbo rẹ̀ jáde gàdàgbà, á sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri. Òfin kan ló wà níbẹ̀: ẹni tó ni fọ́tò kò gbọdọ̀ lanu títí àwọn yòókù á fi sọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ tán.

Òfin yìí gan-an ló ti ń bo awakọ̀ láṣìírí. Láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kámẹ́rà àtijọ́ tó ń fọwọ́ yí títí àwòrán á fi mọ́ lójú rẹ̀ kò gbé ohunkóhun tó já gaara jáde mọ́. Igi á dà bí èéfín, èèyàn á dà bí òjìji. Nígbà àkọ́kọ́, ó rò pé àṣírí ti tú. Ṣùgbọ́n kí ló gbọ́? Onífọ́tò ní iṣẹ́ ọpọlọ nìyí. Aránṣọ ní ó dà bíi pé òun ń lálàá. Wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Kùrukùru, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń jẹ́ orúkọ náà. Ohun tó ń ba ayé ọkùnrin náà jẹ́ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Dókítà ojú ti sọ fún un pé kó má wakọ̀ mọ́ títí wọ́n á fi ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó ní òun ti gbọ́. Ó jáde, ó ṣíná sí bọ́ọ̀sì, ó wà á lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ ṣe tiwọn, iṣẹ́ yẹn nìkan ló ń jí i láàárọ̀, òun àti àwọn ọmọdé tó ń kí i bí wọ́n ṣe ń wọlé níkọ̀ọ̀kan. Bó bá fi sílẹ̀ lónìí, ẹlòmíràn á gbà á lọ́la. Ó sì mọ gbogbo kòtò tó wà lọ́nà náà, ó ní òun lè dijú wà á. Ẹ tún gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà. Ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ọ̀hún ni wọ́n sì kọ ọ́ sí gbàgàdà pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Lọ́sẹ̀ náà, nọ́ọ̀sì ló mú àkòrí wá: ohun tó jìnnà. Awakọ̀ rò pé obìnrin yìí ti fura. Kámẹ́rà rẹ̀ tún wá bàjẹ́, ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Nígbà tó já àwọn ọmọ sílẹ̀ tán ní Ọjọ́rú, ó gbé fóònù sókè níbi tó jókòó sí, ó ya títì tó nà lọ gbọọrọ níwájú rẹ̀, títì tó ṣófo, ó sì fi ránṣẹ́ sí onífọ́tò láìwò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbàgbé pé fóònù kì í dúró de ojú ẹni tó dì í mú. Fúnra rẹ̀ ló ń ríran.

Ní Sátidé yẹn, wọ́n ti sọ̀rọ̀ lórí ti àwọn yòókù tán kí onífọ́tò tó lẹ ti awakọ̀ mọ́ ògiri. Láti ibi tí awakọ̀ jókòó sí, ohun eérú kan tó gùn ló rí, òun náà ni títì. Onífọ́tò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ibo ni Bàbá gbé kùrukùru lọ, pé fọ́tò yìí mọ́ ju omi lọ.

Aránṣọ dìde, ó sún mọ́ ògiri, ó bú sẹ́rìn-ín. "Tín-ín-tín tèmi rèé o."

Ó ní àpò ẹ̀yìn ọmọ náà lòun fi mọ̀ ọ́n, àpò pupa rúsúrúsú tóun fọwọ́ ara òun rán láti inú àjákù aṣọ. Ó ní kí wọ́n wo bó ṣe dúró sáàárín títì tó kẹ̀yìn sí bọ́ọ̀sì, bíi pé òun ló ni ọ̀nà.

Awakọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè. Ọmọ wo? Títì ṣófo. Ó na ọrùn, ó fún ojú pọ̀, ó wá rí àmì pupa rúsúrúsú kan bíńtín láàárín eérú náà. Ó ti rí i ní Ọjọ́rú pẹ̀lú. Ó rò pé ewé gbígbẹ ló lẹ̀ mọ́ gíláàsì bọ́ọ̀sì.

Onífọ́tò ti bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ fọ́tò. Ó ní ọjọ́ ọ̀la ọmọ ni Bàbá fi ṣe ohun tó jìnnà, kí wọ́n sì wo sùúrù àgbà, bó ṣe dá ọkọ̀ dúró kí ọmọ lè kọjá. Nọ́ọ̀sì wo fọ́tò, ó wo awakọ̀. Aránṣọ ló ń rojọ́ lọ ní tirẹ̀, ó ń nàka sí ẹsẹ̀ ọmọ, ó ní bàtà rẹ̀ méjèèjì ṣì pé níbí, ẹyọ kan ló sì wọ̀ délé ní Ọjọ́rú, tòun ti orúnkún tó bó, tí kò sọ ohun tó ṣe é títí dòní.

Gbogbo rẹ̀ wá bá awakọ̀ níbi tó jókòó sí. Lẹ́yìn tó ya fọ́tò tán, ó ti fóònù bọ àpò, ó wọ jíà, ó sì lọ. Àwọn kan pariwo lẹ́bàá ọ̀nà. Ó rò pé wọ́n ń kí òun ni.

"Ó kàn yín, Bàbá," ni nọ́ọ̀sì wí.

Kò sí ohun tí kò lè sọ tí wọn ò ní gbà gbọ́. Onífọ́tò ti bá a pa irọ́ náà sílẹ̀, ó kù kó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá mi orí, bọ́ọ̀sì á tún jáde láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ni yóò bá èyí lọ.

"Mi ò rí i," ó wí.

Onífọ́tò rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni.

"Mi ò rí ọmọ náà. Mo rò pé ewé ni. Mo wa ọkọ̀ lọ tààrà síbi tó dúró sí. Àwọn èèyàn pariwo, mo sì juwọ́ sí wọn."

Ẹ̀rín kò tíì kúrò lójú aránṣọ tán. Ó bi í pé láti ìgbà wo lojú rẹ̀ ti rí bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ ní ó ti pẹ́. Obìnrin náà yíjú sí fọ́tò, ó fi ìka kan bo ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Mo nà án," ó wí. "Mo nà án nítorí bàtà."

Ó já fọ́tò náà kúrò lára ògiri, ó sì jáde.

Awakọ̀ gbé kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì sílẹ̀ níwájú nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì jẹ́wọ́ pé òun ti fura tipẹ́, pé òun mú àkòrí yẹn wá kí fọ́tò lè bá òun sọ ohun tí ẹnu òun ò lè sọ sí àgbà. Ó ní ì bá dáa ká lóun kàn bi í. Ìtìjú mú un débi pé kò lè wo awakọ̀ lójú. Onífọ́tò, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ń fi èékánná họ gọ́ọ̀mù tó kù lára ògiri.

Ẹsẹ̀ ni awakọ̀ fi ń lọ sílé. Nígbà tó dé etí títì, ó dúró. Ó ń gbọ́ ohùn ọkọ̀, kò mọ èyí tó ń bọ̀, kò mọ èyí tó ti kọjá. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó tún dá a padà. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ kí ẹnìkan tó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, tó dì í le koko bí ìyá ṣe ń di ọmọ tó ń bínú sí. Aránṣọ ni. Fọ́tò wà lábẹ́ apá rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Nígbà tí ọ̀nà dá, ó fà á kọjá, ó jọ̀wọ́ rẹ̀ ní òdìkejì, ó sì padà síbi tó ti wá.